Ẹni Tí Wọ́n Fohùn Ṣọ̀kan Lé Lórí

"Ọ̀rọ̀ Sípéènì kọ́ la wá sọ níbí!" Ernest fi ọwọ́ gbá tábìlì kékeré tó wà níwájú rẹ̀.

"Òun gan-an ni," ni Síkírù dá a lóhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ìṣọ̀kan tí ò ń polongo yìí náà ni wọ́n pè é lọ́hùn-ún. Ogun abẹ́lé wọn kò tíì parí tí àwọn Kọ́múníìsì tiyín fi yí ìbọn sí àwọn tiwa. Ará Sípéènì tí a jọ ń kó èédú sínú iná ọkọ̀ òkun láyé ọjọ́un ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi."

"Nítorí pé àwọn tiyín kì í gbọ́ràn! Ilé ń jó, ẹ ní kí kálukú ṣì sọ èrò ọkàn rẹ̀ ná."

Ìbíkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tí wọ́n fi ba ẹní rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yìn ilé ni àwọn òṣìṣẹ́ pákó ti bẹ̀rẹ̀ ìpàdé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí òjò tó lé gbogbo wọn wọ yàrá òun àti ọkọ rẹ̀. Yàrá ọ̀hún kì í ṣe tiwọn, inú ọgbà iléeṣẹ́ pákó ní Àtìkòrí ló wà. Ọjọ́ tí ayùn ńlá gé ọwọ́ ọ̀tún Adéníran ni iléeṣẹ́ fún un ní yàrá, wọ́n sì ní kó máa ṣí géètì. Ìyẹn ni gbogbo owó gbà-má-bínú tó rí gbà.

Ọdún tí àwọn aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn fi àga lu ara wọn ní Ìbàdàn ni. Ta ló máa wá ráyè gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó? Àwọn òṣìṣẹ́ náà kò sì ran ara wọn lọ́wọ́. Kọ́múníìsì ni Ernest, akọ̀wé iléeṣẹ́. Ó ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ oṣù mélòó kan nílẹ̀ Rọ́ṣíà, ó sì gbé fìlà onírun bọ̀, èyí tí ooru kò jẹ́ kó lè dé. Ohun tó ń fẹ́ ni ìgbìmọ̀ kan, olórí kan, àṣẹ kan. Bí olórí bá ti sọ̀rọ̀, ó tán. Lójú Síkírù tó ń pọ́n ayùn, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sórí àga olórí ti di máníjà kejì. Ó ní ẹnì kan kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹlòmíràn láé. Àwọn ará ìlú ń pe àwọn tirẹ̀ ní Aláìlólórí, inú wọn sì ń dùn sí i.

Bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ni wọ́n jọ ń fẹ́: kí iléeṣẹ́ gbé ìdérí irin bo ayùn ńlá yẹn. Ìdérí náà wà ní sítọ̀, ó ń dógùn-ún, torí máníjà ní ó máa ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Lọ́dún tó kọjá, àwọn Ernest daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn Síkírù ní àwọn kò gba àṣẹ. Nígbà tí àwọn Síkírù wá daṣẹ́ sílẹ̀ tiwọn, àwọn Ernest ní ìgbìmọ̀ kò tíì fọwọ́ sí i. Máníjà ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Jímọ́ ló wá kéde pé olórí tó bá kó èèyàn wá bá òun, òun yóò lé olórí náà àti ará ilé rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ àti nínú ọgbà.

"Ọ̀la la ń lọ bá máníjà, a gbọ́dọ̀ ní olórí kan kí ilẹ̀ tó mọ́," ni Ernest wí.

"Kì í ṣe ìwọ."

"Kì í ṣe ìwọ náà."

Ernest bá yíjú sẹ́nu ọ̀nà. "Ìbíkẹ́ ńkọ́?"

Síkírù rò ó wò. "Ìyàwó Adéníran kì í jọba lé ẹnikẹ́ni lórí. A gbà."

Ni yàrá bá hó yèè! Láti ọdún méjì, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fohùn ṣọ̀kan lé lórí nìyẹn.

"Yèsí?" ni Asimawu kígbe láti kọ̀rọ̀. Arúgbó tí òun àti Ìbíkẹ́ jọ ń ru ìyẹ̀fun pákó jùnù ni. "Yèsí lẹ fi jolórí? Ṣé ẹ bi í?"

Ìbíkẹ́ wo Adéníran tó jókòó sórí àpótí, tó kọjú sí òjò. Bí òun bá kọ̀, wọn ó tú ká, ayùn á sì máa dúró de ọwọ́ ẹlòmíràn. Bí òun bá gbà, yàrá lọ, iṣẹ́ géètì lọ. Ilé baba Adéníran wà ní Òjòwò, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó gba ilé náà mọ́ ọn lọ́wọ́ kì í kí wọn. Ta ló sì máa gba ọlọ́wọ́ kan síṣẹ́? Ó wá yé e pé òun ti wọ gàù.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?"

"Gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ, ìyàwó wa," ni Ernest wí. "O kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn."

"Ẹ ṣeun. Ẹ fẹ́ràn mi débi pé nígbà tí ẹ ń wá ẹni tí máníjà máa lé, ojú mi lẹ rí." Inú ń bí i. "Ọ̀gbẹ́ni Ernest, bí mo bá di olórí, ṣé ẹ ó ṣe ohun tí mo bá ní kí ẹ ṣe?"

"Láìjiyàn."

"Bùọ̀dá Síkírù, ṣé òótọ́ ni pé ẹnì kan kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹlòmíràn?"

"Òótọ́ pọ́nńbélé ni."

"Ó dáa. Àṣẹ kan ṣoṣo ni mo ní. Láàárọ̀ ọ̀la, mi ò níí sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹnikẹ́ni fún máníjà. Gbogbo wa la máa tò síwájú ọ́fíìsì rẹ̀. Kálukú á fẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀, á sì sọ pé kí wọ́n gbé ìdérí bo ayùn. Kí ó wá olórí níbẹ̀ kó lé e. Mo ti sọ tèmi, mi ò ṣe olórí mọ́."

Ernest fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n máa gba àṣẹ. Ní ti Síkírù, ẹ̀kọ́ ara rẹ̀ ni wọ́n kà sí i létí. Asimawu rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́.

"Ta ló máa kọ́kọ́ sọ tirẹ̀?" ni ẹnì kan bèèrè.

Gbogbo wọn mọ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ lanu ni máníjà máa kà sí olórí. Ernest wo Síkírù. Síkírù ń wo èékánná ọwọ́ rẹ̀. Òjò ń dá bọ̀, àwọn kan ti ń wá bàtà wọn. Ìbíkẹ́ mọ̀ pé wọ́n máa tú ká báyìí, pé òun àti ọkọ òun ṣì máa sùn sí yàrá yìí. Ara tù ú, ojú sì tì í pé ara tù ú.

Adéníran dìde. Ó kọjú sí ògiri bí ẹni pé máníjà ló wà níbẹ̀.

"Adéníran ni mí. Géètì ni mo wà. Ẹ gbé ìdérí bo ayùn."

"Ọkọ mi, ẹ jókòó," ni Ìbíkẹ́ wí. "Mo ní kí ẹ jókòó! Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí."

Ọkọ rẹ̀ kò jókòó. "Gbogbo wa lo sọ," ló fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn. "O ò yọ mí sílẹ̀."

Asimawu sọ tirẹ̀. Síkírù sọ tirẹ̀. Ernest nu ojú, ó sọ tirẹ̀ ketekete bí ẹni ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń lọ láti ẹnì kan dé ìkejì. Nígbà tó máa fi kan Ìbíkẹ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó ń kó àwo òun àti ọkọ rẹ̀ sínú agbọ̀n, kí wọ́n tó wá lé wọn jáde lọ́la.

"Ìbíkẹ́ ni mí," ló wí, ó sì na ọwọ́ mú ìkòkò tó kù.