Ẹ̀ẹ̀mẹta Ló Kan Páìpù

"Ṣé ẹ ti dé òpin rẹ̀?" ni ọ̀gá panápaná ń bi í láti ìsàlẹ̀.

Obìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíyẹ páìpù omi apaná wò kò lè dáhùn. Ó dojú bolẹ̀ nínú àlàfo tó wà láàárín àjà àti òrùlé, pákó há a mọ́lẹ̀, eérú sì kún un nímú. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ilé náà. Lọ́sàn-án àná, wáyà kan jó lókè yìí, iná sì jẹ òrùlé yàrá méjì kí wọ́n tó rí i pa. Bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n gbé jáde nínú yàrá tó kẹ́yìn kò tíì lajú ní ọsibítù.

"Mo ní, ṣé ẹ ti dé òpin páìpù?"

"Mo ti débẹ̀, sà."

Bí kì í bá ṣe pé iná ti jẹ pákó díẹ̀ kúrò lọ́nà, sísanra rẹ̀ kò ní jẹ́ kó débẹ̀. Ó wo páìpù náà dáadáa. Páìpù pupa tó yẹ kó gba orí yàrá mẹ́fà kọjá, orí yàrá kẹrin ló dúró sí, wọ́n sì fi irin dé e lẹ́nu. Lórí yàrá méjì tó kù, kò sí ẹnu omi kankan, ìyẹn irin kékeré tó máa ń là fúnra rẹ̀ bí ooru bá ti mú un, kí omi lè tú sórí iná. Òfin ò fepo bọyọ̀: ibi tí pákó bá wà, bó ti wù kó há tó, ẹnu omi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó sì buwọ́ lùwé lọ́dún tó kọjá pé ó wà níbẹ̀, òun náà ló ń yí nínú eérú yìí.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ọ̀gá panápaná kò pariwo mọ́ ọn. Ì bá sàn kó pariwo.

"Ẹ̀yin lẹ buwọ́ lù ú?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé ẹ wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

Ó ń nu eérú kúrò lójú.

"Kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, mo fẹ́ rí àlàyé yín lórí tábìlì mi. Ta ló wọlé, kí ló rí? Bọ́rọ̀ bá dé kóòtù, ìwé yẹn ni wọ́n máa kà."

Ọdún mẹ́tàlá ni òun àti bàbá rẹ̀ ti jọ ń yẹ páìpù omi apaná wò. Bàbá ló kọ́ ọ níṣẹ́. Alángbá ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe bàbá náà, torí kò sí àjà tí kò lè rá wọ̀. Ọmọ ní tirẹ̀ sanra bí ìyá rẹ̀, ẹnu ihò àjà lásán ti ń dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá àṣà kan sílẹ̀ láàárín ara wọn. Bàbá á rá wọlé, bó bá dé òpin páìpù, á fi sípánà kàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ á gbé etí lé páìpù nísàlẹ̀, kó, kó, kó, á sì buwọ́ lùwé. Wọ́n tiẹ̀ máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ò nílò fóònù. Ìròyìn ò tó àfojúbà, àwọn méjèèjì mọ òwe náà dáadáa, àmọ́ ta ní ń ka òwe síra rẹ̀ létí lẹ́nu iṣẹ́? Irin kì í sì í sọ ibi tí wọ́n ti kàn án.

Ó bá bàbá níwájú ilé wọn, níbi tó ti ń gé rọ́bà fún ẹ̀rọ omi tó ń jò.

"Bàbá, ẹ ò dé òpin rẹ̀."

"O ò tiẹ̀ kí mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Ilé àwọn arúgbó. Ṣé ẹ dé òpin páìpù?"

Bàbá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Mo dé orí yàrá kẹta, àyà mi há. Mi ò rí èémí mí mọ́. Mo rí páìpù tó ń lọ síwájú. Mo ní èyí tó ti lọ tó báyìí, ibo ni yóò tún yà sí? Mo bá kàn án, mo padà."

"Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Kí n ní kí ni? Pé Alángbá ò lè gun ògiri mọ́? Ìwọ tí ò ń fi mí yangàn káàkiri?"

Inú bí i, àánú bàbá sì tún ṣe é. Ó jókòó, ó yọ ìwé àti bírò.

"Kọ ọ́ pé èmi ni," ni bàbá wí. "Kọ ọ́ pé bàbá rẹ tàn ọ́ jẹ. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́."

"Òfin ò ní kí n fi etí yẹ̀ ẹ́ wò, Bàbá. Ojú ló ní kí n fi wò ó." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, ó tún dúró. "Láti ìgbà wo ni àyà yín ti ń há?"

"Á tó ọdún méjì."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí ìwé iṣẹ́ wọn, ó ń ka àwọn ilé ọdún méjì yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ilé ìkàwé?"

"Mo dé òpin ibẹ̀. Àjà rẹ̀ ga."

"Ilé ìfowópamọ́?"

"Mo débẹ̀."

"Ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí?"

Bàbá ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ogójì ọmọ ló ń sùn lábẹ́ òrùlé yẹn.

"Bàbá!"

"Bóyá ó pé. Àwọn kan ṣì ń ṣiṣẹ́ òótọ́."

"Ṣé 'bóyá' ni mo kọ sínú ìwé?"

"Gbọ́ mi." Ohùn bàbá ti lọ sílẹ̀. "Èyí àkọ́kọ́, wọ́n lè pè é ní àṣìṣe. Tó o bá fi ìkejì kún un, ìwà ni wọ́n máa pè é. Wọ́n á gba ìwé àṣẹ rẹ, wọ́n sì lè tì ọ́ mọ́lé. Jẹ́ ká lọ wò ó lọ́la ní jẹ́jẹ́, láàárín ara wa."

"Ta ló máa wọlé? Ẹ̀yin tí ẹ ò rí èémí mí mọ́, àbí èmi tí mi ò gba ẹnu ihò rẹ̀?"

Bàbá wo aago. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Ọmọ rò ó títí, kò rí ọ̀nà kankan tí òun lè gbà bọ́ níbẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà ìyá tó ń tọ́jú àwọn ọmọ aláìlóbìí náà.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ sùn lókè lálẹ́ òní. Ẹ kó ẹní wọn wá sísàlẹ̀."

"Kí ló dé? Ta nìyí? Wọ́n ti yẹ òkè wa wò, ìwé rẹ̀ ń bẹ lára ògiri níbí."

"Mo mọ̀, mà. Ẹ bá mi wo orúkọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀."

Ó gbọ́ tí wọ́n wọ́ àga, ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń lọ sídìí ògiri. Bàbá ti fi ọwọ́ bojú.

"Mo ti rí i," ni ìyá náà wí.

"Èmi nìyẹn, mà. Mi ò wọ ibẹ̀ rí."