Kọ̀ráádò Kì í Fi Àyà Kanlẹ̀

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Kọ̀ráádò Náádì fi gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Ítálì, ọwọ́ ẹ̀yìn ni ó sì ń dúró sí, níwájú aṣọ́lé, níbi tí wọ́n ti ń dá atamátàsé dúró. Kò gbá a fún ẹgbẹ́ ńlá kankan. Àwọn ẹgbẹ́ tó bá ṣeré, ará ìlú wọn nìkan ló mọ̀ wọ́n, àwọn náà kì í sì í fi wọ́n yangàn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí: nínú ìdíje irinwó ó lé méjìlá, kò dùbúlẹ̀ rí láti gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹni tó bá ti kanlẹ̀, wọ́n ti kọjá rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà kan, ó ku ìṣẹ́jú kan kí eré parí, atamátàsé kan ń sá bọ̀, kóòṣì ń ké tòò pé, “Dùbúlẹ̀! Fi ẹsẹ̀ gbá a!” Kọ̀ráádò wo ẹrẹ̀, ó wo ṣòkòtò funfun rẹ̀, ó dúró. Bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n, ẹgbẹ́ wọn já sí ìpele ìsàlẹ̀. Ìwé ìròyìn ìlú náà kọ ọ́ lọ́jọ́ kejì pé nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣòkòtò Náádì nìkan ni kò ní àbàwọ́n. Ẹ̀gàn ni wọ́n fi kọ ọ́. Kọ̀ráádò gé e jáde, ó fi dígí bò ó, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Nígbà tí bọ́ọ̀lù tán, ó kó wá sí London, ó ń kọ́ àwọn bàbá oníkùn ní bọ́ọ̀lù ní Peckham Rye ní àràárọ̀ Sátidé. Tòún, tó ń tọ́jú eegun àti iṣan ní Lewisham, ló yẹ orúnkún rẹ̀ wò. Ó ní látìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́, òun kò rí orúnkún tí wọn ò tíì lò báyìí rí. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì ni Tòún fi kọ́ ọ ní Yorùbá, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìwé òfin.

Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí ó fi kan mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Bàbá Tòún, Díkìn Olúwaṣèyí, wa bọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tó dùn wọ́n jù ní Peckham kì í ṣe òtútù. Àwọn ọmọ tó ń kí wọn ní “Hi, Uncle” láìtẹ orí ba ni. Àna wọn àkọ́kọ́, òyìnbó ará Kent, ló tù wọ́n nínú: ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kápẹ́ẹ̀tì fi bó o nímú. Fídíò rẹ̀ wà nínú fóònù Díkìn, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Rye Lane tí kò tíì wò ó. Fún ti Kọ̀ráádò, wọ́n ra kápẹ́ẹ̀tì tuntun.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú, Levi, àbúrò Tòún, lọ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀.

“Bro, two seconds ni. O máa lie down, Daddy á ní dìde, o dìde. Finish.”

“Ẹni tó bá ti kanlẹ̀…”

“Kò sí striker níbẹ̀ o! Daddy mi ni!”

“Bí gbogbo wọn ṣe máa ń ṣe nìyẹn,” Kọ̀ráádò dáhùn, “bí ẹni pé wọn kì í ṣe striker.”

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó wọlé pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò funfun. Ó tẹ orí ba, ó tẹ ẹ̀yìn ba, ó dúró síbẹ̀ bí igi tí afẹ́fẹ́ tẹ̀. Levi gbé fóònù sókè.

“Ó kù,” ni Díkìn wí.

Kọ̀ráádò tẹ̀ sí i díẹ̀.

“Ó ṣì kù. Àyà ni mo fẹ́ rí lórí kápẹ́ẹ̀tì yìí. Surrey Quays ni mo ti lọ gbé e wá!”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo bọ̀wọ̀ fún yín púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàdínlógún…”

“Kí ni ilẹ̀ ṣe fún ẹ?”

“Daddy Tòún, ẹ jẹ́ ó kúnlẹ̀, ká jẹun,” Mummy Tòún bẹ̀ wọ́n.

“Kó kúnlẹ̀? Ṣé òun ni ìyàwó ni? Ẹni tí kò bá lè dọ̀bálẹ̀ fún mi kò lè mú ọmọ mi lọ. Ó parí.”

Tòún dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣínì. “Daddy, mo ti pé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n o.”

“Bó o pé ọgọ́ta.”

Ló bá yíjú sí ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀. “Kọ̀ráádò, èmi àbí ṣòkòtò?”

Kọ̀ráádò ronú díẹ̀. Kò yẹ kó ronú rárá.

Díkìn rí i pé ó ń ronú, ni wọ́n bá dìde. “Levi, gbé bọ́ọ̀lù wá. Nọ́ńbà sẹ́fùn ni mí nílé ẹ̀kọ́, kò sí ẹ̀dá tó dá mi dúró rí. Bí mo bá gbé bọ́ọ̀lù kọjá rẹ dé ẹnu ọ̀nà kíṣínì, wàá dọ̀bálẹ̀.”

“Bí ẹ ò bá kọjá ńkọ́, sà?”

“Máa mú un lọ lóòró.”

“Yéè!” Mummy Tòún ká ọwọ́ lérí. “Wọ́n ti sọ ọmọ mi di ife-ẹ̀yẹ!”

Díkìn ká agbádá sí èjìká. Wọ́n gba ọ̀tún, Kọ̀ráádò ti wà níbẹ̀. Wọ́n gba òsì, ó wà níbẹ̀. Wọ́n fi èjìká tàn án, bàtà wọn nìkan ló kọjá. Bó bá sì ti gba bọ́ọ̀lù tán, á fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà: “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà.” Pẹ̀lẹ́ yẹn ló ń dun Díkìn jù. Ogójì ìṣẹ́jú kọjá. Mummy Tòún tún ìrẹsì gbé kaná lẹ́ẹ̀mejì.

Níkẹyìn, Díkìn rántí ọgbọ́n kan tí wọ́n máa ń dá nígbà èwe. Orí rántí, ẹsẹ̀ kò rántí. Agbádá já bọ́ léjìká, wọ́n tẹ etí rẹ̀, ó di gbìì! Àyà kan kápẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ nà síwájú, iwájú orí fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bàtà Kọ̀ráádò. Bàbá ìyàwó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún ọkọ ìyàwó.

“Èèwọ̀!” Mummy Tòún figbe ta. “Levi, pa fóònù yẹn!”

“Mummy, live ni. Gbogbo family ti rí i.”

Kọ̀ráádò na ọwọ́ méjèèjì sókè, bó ṣe máa ń ṣe fún rẹfirí. “Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n!” Ó wá wolẹ̀. Ojú Díkìn ti kún fún omi, kì í sì í ṣe nítorí ìrora.

“Má wò mí,” ni bàbá náà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Bí ẹni ń wọ omi tútù ni Kọ̀ráádò ṣe lọ sílẹ̀: orúnkún kan, èkejì, ọwọ́, àyà. Ó tún fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀ kí orí rẹ̀ má bàa ga ju ti Díkìn lọ. Díkìn wò ó títí. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n ti bọ́ọ̀lù, ó rọra yí gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí kíṣínì.

“Góòlù!”

“Ọwọ́ lẹ fi tì í, sà!”

“Ṣé mo sọ pé ẹsẹ̀ ni?”

Tòún fi ẹsẹ̀ tẹ bọ́ọ̀lù náà mọ́lẹ̀. “Daddy, ó dọ̀bálẹ̀ àbí kò dọ̀bálẹ̀?”

“Ó dọ̀bálẹ̀, àmọ́…”

“Sátidé kejì nínú oṣù kẹsàn-án nìgbéyàwó.”

Ó yẹ kí àgbà sọ fún ọmọdé pé kó dìde, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Díkìn ti há, wọn kò sì lè ní kí ẹnikẹ́ni dìde nígbà tí àwọn fúnra wọn ṣì wà nílẹ̀. Kọ̀ráádò náà kò jẹ́ dìde láìgbàṣẹ mọ́. Mummy Tòún gbé àwo ìrẹsì méjì sáàárín wọn, wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ tilẹ̀, wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń jiyàn lórí ọwọ́.