Ìdérí Táǹkì Ọkọ̀ Bàbá

Iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì tún tàn nínú ọkọ̀ opó kan. Mẹkáníìkì méjì ti pààrọ̀ nǹkan, iná ò kú. Àkọ́bí rẹ̀ ti sọ lórí fóònù pé, “Ìyá mi, bó bá tún yọnu, títà ni o.” Ọkọ̀ olóògbé ọkọ rẹ̀ ni. Bó bá lọ, kí ló kù tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ jókòó sí rí?

Mẹkáníìkì kẹta kò mú sípánà. Ó ki ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wá àìsàn ọkọ̀ bọ abẹ́ sítíárìn, ó ka ohun tó kọ.

“Màmá, orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ẹ̀rọ yìí ní afẹ́fẹ́ epo ń jò níbì kan. Ẹ jẹ́ ká wá ibẹ̀ ná.” Ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó ṣí ibi tí wọ́n ń rọ epo sí, ẹ̀rín pa á. “Ta ló ń rọ epo sọ́kọ̀ yìí?”

“Bàbá wọn ni tẹ́lẹ̀. Èmi ni báyìí.”

“Ẹ kàn gbé ìdérí lé e bí ìdérí ìkòkò! Ẹ yí i títí yóò fi dún.”

Opó náà yí i. Kà, kà, kà.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ìró yìí ló máa ń gbọ́ lẹ́yìn nígbà tó bá jókòó síwájú, kí ọkọ rẹ̀ tó wọlé, kó ní, “Olúwa á ṣáájú wa o,” kóun náà sì ṣe àmín. Kò bi í rí pé kí ló ń dún.

Mẹkáníìkì fi ẹ̀rọ rẹ̀ pa iná náà. Opó jókòó síbi ìwakọ̀, ó wo àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Olúwa á ṣáájú wa o.”

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Ó ṣe é fúnra rẹ̀, ó sì wakọ̀ lọ sílé.