Ohùn Kẹrìnlélógún

Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gun irin tí wọ́n tò yí ilé gíga kan ká ní Niigata, nílẹ̀ Japan, Kuramochi, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, á tò wọ́n síwájú géètì. Á nàka sí àṣíborí, á nàka sí bẹ́líìtì, á nàka sí bàtà. Àwọn ọkùnrin mẹ́tàlélógún á nàka pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n á ní, “Ó dára!” Láti oṣù tó kọjá, ohùn mẹ́rìnlélógún ni Kuramochi ń gbọ́. Ohùn Tsukada, òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó ti kú, ló lé, ẹ̀rù rẹ̀ ò sì jẹ́ kó jẹun kánú.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á. Pátákó kan wà lẹ́nu géètì tí wọ́n ń kọ iye ọjọ́ tí ìjàǹbá ò ṣẹlẹ̀ sí. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kó pé ẹgbẹ̀rún, àwọn ọ̀gá àgbà ń bọ̀ wá ya fọ́tò, ni pákó yẹ̀ lẹ́sẹ̀ Tsukada ní àjà kẹrin, ó sì já bọ́. Kuramochi ò pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ọkọ̀ tiẹ̀ ló fi gbé e, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó ní orí àkàbà nílé lòun ti já bọ́. Tsukada tún ń tọrọ àforíjì pé òun da iṣẹ́ ọ̀gá òun rú. Ó parọ́ náà fún dókítà. Ọjọ́ kẹta ló kú.

Wọ́n ya fọ́tò. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò ṣáà ṣubú, ta ló máa béèrè irin tuntun tó ń di pákó mú? Wáyà ni Kuramochi yọ́ fi so pákó náà. Ìtìjú gbáà!

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, iṣẹ́ àjà kẹrin kan Hatano, tí ò tíì lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ níbẹ̀. Kuramochi nàka sókè: “Ibi ìtẹ̀sẹ̀!” Àwọn mẹ́tàlélógún ní ó dára. Ohùn kẹrìnlélógún yẹn ò dáhùn. Kuramochi dúró, ó ń retí rẹ̀.

“Ẹ má gùn ún,” ó ní. “Tsukada ò ṣubú nílé. Àjà kẹrin ló ti já bọ́. Èmi ni mo ní kó parọ́.”

Bàbá Ogishima, àgbà inú wọn, tẹrí ba.

“A mọ̀, ọ̀gá. Gbogbo wa la mọ̀. A kì í tẹ pákó yẹn mọ́, ńṣe là ń ré e kọjá.”

Hatano bọ́ àṣíborí rẹ̀, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ jọ ń wò mí tí mo ń múra àtigun ibẹ̀,” ó ní. “Èwo nínú yín ló fẹ́ sọ fún mi?”