Inú Rírun Ọmọ Tíṣà

Nínú gbogbo olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà, kò sí ẹni tó mọ inú rírun ayédèrú bíi Mo-Ti-Rí-Ẹ. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn bí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ ọmọ tó ń jí ìwé wò. Láàárọ̀ ìdánwò ìṣirò, tí inú bá ṣàdédé ń run ìdajì kíláàsì, kì í bínú rárá. Yóò fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, yóò mú bisikíìtì oníbọ́tà kan jáde, yóò sì nà án sí aláìsàn. Ọmọ tó bá gbà á tó sì jẹ ẹ́ ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ nìyẹn. Gbogbo kíláàsì á rẹ́rìn-ín, olójòjò á sì padà sídìí ìṣirò rẹ̀. Tíṣà a máa ní inú tó bá ń run lóòótọ́ kì í gba bisikíìtì.

Ọgbọ́n yìí ṣiṣẹ́ fún un dáadáa títí ọmọ tirẹ̀ fi wọ kíláàsì rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ni, ọmọ tó gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìyá yòókù fi ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ tiwọn. Lọ́jọ́ tí inú kọ́kọ́ run ún, ó ká kò lórí bẹ́ǹṣì, ó fa orúnkún méjèèjì mọ́ àyà. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ń ṣojúsàájú, ló bá na bisikíìtì sí i bó ṣe ń nà án sí ọmọ ẹlòmíràn. Ọmọ náà wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ títí. Ó gbà á, ó sì jẹ ẹ́ tán, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ nílé pé èèyàn kì í kọ ohun tí àgbà bá fún un. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Òpùrọ́ kékeré," ni ìyá rẹ̀ wí, òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà tí wọ́n délé lọ́sàn-án, ọmọ náà bì títí omi ojú ń dà lójú rẹ̀. Ó tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà mélòó kan, lẹ́yìn náà kò sọ pé inú ń run òun mọ́. Ìyá dúpẹ́ pé ìbáwí òun ti ràn án. Àwa òbí náà kúkú nìyẹn: ohun tí etí wa ò bá ti gbọ́ mọ́, a ó ní ó ti san.

Ara ló wá ń sọ ohun tí ẹnu kò sọ. Aṣọ ilé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi mọ́ ọn lọ́rùn. Ìgbẹ́ rẹ̀ funfun, ó ń dán bí ẹni da òróró lé e lórí, ó ń léfòó, omi ò sì lè gbé e lọ. Ìyá ní aràn ni, ó ra oògùn aràn. Oògùn aràn ò mú nǹkan kan kúrò. Nígbà tó yá, ọmọ náà ṣubú lulẹ̀ lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń kọrin àárọ̀, wọ́n sì gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n gba ìgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ya àwòrán inú rẹ̀. Dókítà, obìnrin kan tó ti ń hewú, fi àwòrán náà han ìyá. Ó ní ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn ikùn, páńkíríásì lorúkọ rẹ̀, òun ló ń tú omi tó ń mú oúnjẹ dà sínú ìfun. Ti ọmọ yìí ti ń wú, tó ń lọ sílẹ̀, tó tún ń wú, ó ti pẹ́. Ó ti lápàá káàkiri, òkúta wẹ́wẹ́ sì ti dí ojú ọ̀nà omi náà. Àwọn ọmọ mìíràn a máa jogún rẹ̀, wọ́n ṣì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nítorí ìyẹn.

Tíṣà bi í bóyá bisikíìtì lè fa irú rẹ̀. Dókítà ní rárá, bisikíìtì kọ́ ló fà á. Ó fi kún un pé bí irú inú yẹn bá ń run ọmọ, tó sì tún jẹ ohun ọlọ́ràá, ìrora náà á wá le sí i.

Wọ́n fún ọmọ náà ní kápúsù tí yóò máa gbé mì pẹ̀lú gbogbo oúnjẹ, kí oúnjẹ lè ṣe é lóore, àti fítámì. Wọ́n ní kó máa jẹun díẹ̀díẹ̀, kí ọ̀rá má pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n ní bí òkúta náà kò bá jẹ́ kó sinmi, àwọn á ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ọ̀nà ọ̀fun wọlé láti kó o kúrò. Ṣùgbọ́n ohun tó ti di àpá ti di àpá, àìsàn náà yóò bá a dàgbà. Ìrora ló wá kù. Oògùn rẹ̀ wà nílẹ̀, àmọ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe pọ̀ tó, kí wọ́n lè mọ ìwọ̀n tí wọ́n máa fún un. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá sì bi í, á kọ́kọ́ wo ìyá rẹ̀, á wá ní kò dun òun.

Nọ́ọ̀sì ló pe ìyá síta.

"Ẹ má bínú, mà. Bí ẹ bá ti jáde lọ pọn omi ló máa ń sunkún. Bó bá ti gbúròó ẹsẹ̀ yín, á nujú. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún yín, pé ẹ ó ní irọ́ ni òun ń pa."

Ojú ti Tíṣà, àánú ọmọ rẹ̀ sì ṣe é gan-an. Ó wọlé, ó sì kúnlẹ̀ síbi bẹ́ẹ̀dì. Ìyá kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ, òun kúnlẹ̀.

"Ìyá mi, èmi ni mo ṣì í," ló wí. "Inú ń run ẹ́ lóòótọ́, èmi ni mi ò gbà ẹ́ gbọ́. Jọ̀ọ́, sọ fún mi bó ṣe ń ṣe ẹ́."

Ọmọ náà na ọwọ́, ó nu omijé ìyá rẹ̀ nù.

"Ẹ má sunkún mọ́, mà. Kò dùn mí."

Ètè rẹ̀ ti funfun. Lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bò ó, orúnkún rẹ̀ ń rọra gòkè bọ̀ wá sí àyà. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Tíṣà ti pẹ́ jù kó tó na ọwọ́ òsì, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó dìde, ó gbé jọ́ọ̀gì tí omi ṣì kún inú rẹ̀, ó ní òun ń lọ pọn omi. Ó ṣẹ́wọ́ sí nọ́ọ̀sì pé kó wọlé, ó fa ilẹ̀kùn dé, ó sì dúró síbẹ̀. Kò pẹ́ rárá tó fi gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ bú sẹ́kún, tó ń sọ ibi tó ti ń dun òun fún nọ́ọ̀sì.