Àsopọ̀ Tí Kò Gba Alága

Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, tí àwọn ilé gíga downtown ń ṣófo, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Ọláníyan, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò bọ́. Ó sọ ara rẹ̀ di alága àsopọ̀ internet àdúgbò Pineridge. Ta ló yàn án? Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Àsopọ̀ náà kò le. Tàíbátù, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló ṣì ń san owó internet. Àwọn aládùúgbò gbé àpótí kékeré sójú fèrèsé, àpótí kan ń ju ọ̀rọ̀ sí èkejì títí yóò fi dé ilé Tàíbátù. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà ní títì pa. Ẹni tó ń gbé e kọjá kò lè ṣí i. Kò sí àpótí tó jẹ́ olórí.

Wọ́n ti dá Bámidélé náà dúró níbi iṣẹ́ epo. Lọ́jọ́ tó ní interview lórí kọ̀ǹpútà, tí iṣẹ́ ọ̀hún nìkan ló kù tí wọn ò fi ní lé òun àtìyàwó rẹ̀ jáde nínú basement, Ọláníyan kan ilẹ̀kùn.

"Mo gbọ́ pé o ní interview lónìí, o ò wá tọrọ àyè."

"Àyè kí ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Ilé mi lọ̀rọ̀ ẹ ń gbà kọjá. Wá dọ̀bálẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, mo máa pa àpótí mi."

Bámidélé wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ẹ rọra máa lọ, sà. Ilẹ̀ ń yọ̀."

Ó ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Wọ́n ní bí ọ̀nà kan bá dí, àsopọ̀ á wá òmíràn. Kò tíì fojú rí i.

Láàárín interview, àwòrán dúró gbagidi. Obìnrin tó ń bi í léèrè la ẹnu sílẹ̀, kò pa á dé. Alága ti ṣe é.

Ẹnu obìnrin náà pa dé. "Sorry, we lost you for a second."

Ọ̀rọ̀ ti yà gba ilé Suliat, aládùúgbò mìíràn tó ní àpótí lójú fèrèsé. Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti fún Bámidélé níṣẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ náà ni Ọláníyan padà wá. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Àsopọ̀ yín ti bàjẹ́. WhatsApp mi ò lọ mọ́."

"Internet tiyín ńkọ́, sà?"

Ó wo bàtà rẹ̀. "Wọ́n ti já a láti October."

Alága odò, omi ọlọ́mi ló ń mu.

"Àpótí tẹ́ ẹ pa yẹn ni WhatsApp yín ń gbà, ẹ lọ tan án."

"Ṣé ìyẹn nìkan ni?"

"Ìyẹn nìkan ni, sà. Ẹ ò ní láti dọ̀bálẹ̀."