Ìyẹ́ Pupa Lójú Odò Ọ̀yán

Ìyẹ́ pupa kan léfòó lójú odò Ọ̀yán. Ó ń lọ díẹ̀, ó ń bọ̀ díẹ̀, bí àlejò tí kò mọ ilé tó fẹ́ yà. Èmi ni mo so ó mọ́ ìwọ̀, Àwẹ̀ró, òwú ìránṣọ rẹ ni mo sì fi so ó. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó tì í. Ẹja kankan kò kí i.

Ìwọ lo rán mi níṣẹ́. Ọjọ́ kẹjọ rèé tí ibà ti fi ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ àti oúnjẹ kò tíì rẹ́. O ń tọ́ ògì wò, o ń gbé e sílẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí. Àárọ̀ yìí lo wá ní ẹnu rẹ ń fẹ́ ẹpìyà. O ní kì í ṣe ẹja inú yìnyín, kì í ṣe ẹja inú àwọ̀n, irú èyí tí mo fi ìyẹ́ mú wá fún ọ nígbà tí mo ń fẹ́ ọ sọ́nà ni. Ta ni yóò gbọ́ bẹ́ẹ̀ tí yóò jókòó sílé? Mo mú ọ̀pá ọparun mi, mo tu ìyẹ́ nírù àkùkọ rẹ, mo ṣa èyí tí àgbébọ̀ gbọ̀n sílẹ̀ mọ́ ọn, mo jáde.

Oòrùn là, oòrùn mú, oòrùn ń wọ̀. Mo ń ju ìwọ̀ sábẹ́ igi, mo ń jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, mo ń jù ú síbi tí omi ti ń hó. Ìyẹ́ pupa yìí mà rẹwà lójú mi! Ó jọ pé kò rẹwà lójú ẹja.

Jìnádù apẹja wa ọkọ̀ rẹ̀ kọjá, ó bi mí bóyá ooru ló ń mú ẹja tí mo fi ń fi ìyẹ́ fẹ́ wọn. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, àánú mi ṣe é, ó na ẹja méjì sí mi láti inú àwọ̀n rẹ̀. Mo kọ̀. Ó lọ tán ni mo ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, tí mo ń bú ara mi.

Ìrọ̀lẹ́ dé. Òjò kékeré kan ta sílẹ̀, ó kọjá, ilẹ̀ ń rùn dídùn. Wò ó, èsúnsún ń tú jáde! Kí ni ọmọ Yorùbá ń ṣe bí èsúnsún bá jáde? Mo sọ ọ̀pá sílẹ̀, mo ṣí fìlà, mo ń ṣà, mo ń sá, mo ń sáré, èmi àgbàlagbà ẹni ọgọ́ta ọdún. Bí ẹja bá kọ̀, n ó yan èsúnsún fún ọ.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ọ̀kan fi já bọ́ sómi. Pọ̀ọ́! Omi la ẹnu, omi pa ẹnu dé. Òmíràn bọ́. Pọ̀ọ́! Háà, Àwẹ̀ró, gbogbo odò ló ń jẹun, èmi ni mo ń gba oúnjẹ lẹ́nu wọn.

Mo já ìyẹ́ pupa sọ sómi. Mo so ìyẹ́ àgbébọ̀, kékeré, aláwọ̀ erùpẹ̀, tí kò lẹ́wà rárá. Mo jù ú pẹ̀lẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, mo ń sọ ọ́ fún ọwọ́ mi. Ìyẹ́ bà lé omi bí èsúnsún tó ti rẹ̀.

Pọ̀ọ́! Ọ̀pá tẹ̀. Ó ń fà, mo ń fà. Ó sinmi, mo fà. Ẹpìyà, fífẹ̀ bí abọ́ ọbẹ̀ rẹ, ń ta pọ́únpọ́ún nínú koríko, èmi náà sì ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ata ń ta nínú ilé báyìí. O dìde jókòó, o jẹ orí, o jẹ ìrù, o ń fa egungun mu. Lójijì lo rí àkùkọ rẹ tó wọ̀ sábẹ́ àga, tí ìdí rẹ̀ ṣófo. O bi mí irú ìkà wo ló ṣe é bẹ́ẹ̀, o sì pè mí lórúkọ tí n kò lè sọ lójú ọmọdé.

Láti ọjọ́ tí ibà ti dá ọ dùbúlẹ̀, Àwẹ̀ró, ni àárò ìbínú yìí ti ń sọ mí. Máa bú mi. Gba abọ́ kejì, kí o tún máa bú mi.

Ìyẹ́ pupa kan léfòó lójú odò Ọ̀yán. Ó ń lọ díẹ̀, ó ń bọ̀ díẹ̀.